Ẹ Má Jẹ Owó Òwò: Bí Ilé àti Ìsọ̀ Kékeré Ṣe Lè La Ọ̀wọ́n-Gógó Já

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ. Lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà l'Ékòó fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó dé 617 nínú oṣù Keje, nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 sì fi dé, ó ti ń bá 1,000 fà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi 470 di ohun tó lé ní 1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjà fi gbówó lórí ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Òótọ́ ni pé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000, ó di 70,000, ṣùgbọ́n ìyá alágbàdo, télọ̀ àti onídìrí kò sí nínú ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, àwọn ọjà kan ti rọlẹ̀ díẹ̀, àpò ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì tíì bọ̀ sípò. Ohun tí mo ti rí ni pé ọ̀wọ́n-gógó nìkan kọ́ ló ń pa ilé tàbí ìsọ̀. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé wọ́n jẹ owó òwò láìmọ̀ pé òun ni àwọn ń jẹ. Ilé náà ní owó òwò tirẹ̀: ara tó le, irinṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ ọmọ, àti orúkọ rere lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé ọjà fún wa. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, torí kí ọwọ́ má baà kan àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí owó ń gbà jáde

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ gbé e síbi tí gbogbo ẹni tó ń náwó nínú ilé ti lè kọ nǹkan sí i. Fún oṣù kan, ẹ kọ gbogbo ohun tó jáde, títí dé owó ọ̀kadà, dátà, píọ̀ wọ́tà, àti èyí tí ẹ fi sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí mẹ́ta: èyí tó ń mú owó wá, èyí tí a fi ń gbé ẹ̀mí ró, àti èyí tí a ń ṣe nítorí ojú ayé. Ìpín kẹta ni ẹ ó kọ́kọ́ gé. Ìkejì ni ẹ ó ta ọgbọ́n sí. Ìkíní, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe é lódì: wọ́n á ta ẹ̀rọ ìránṣọ kí wọ́n tó yọ orúkọ nínú aṣọ ẹbí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ máa ka ọjà, ẹ má ka náírà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti kú. Ká ní ẹ ra páálí sìpàgẹ́tì 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 14,000, ẹ sì tà á ní 15,500. Lójú, ẹ ti jèrè 1,500 lórí páálí kọ̀ọ̀kan, 30,000 lápapọ̀. Ẹ fi 30,000 yẹn jẹun, ẹ fi san owó ilé ìwé. Nígbà tí ẹ padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á fún yín, ó ní ó ti di 16,000. Owó 280,000 tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín, páálí 17 péré ló rà, pẹ̀lú 8,000 tí kò tó páálí kan. Ẹ kò ṣòfò kankan nínú ìwé, àmọ́ páálí mẹ́ta ti poora. Bí ó bá yí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, àtẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ ọjà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ má ka náírà. Náírà lè pọ̀ sí i lọ́wọ́ yín nígbà tí ọjà ń dín kù. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ka páálí, kẹ́ẹ̀gì àti àpò tó wà nílẹ̀, kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí iye ọjà kò bá dín kù, owó òwò yín ṣì wà.

Iye tí ẹ máa rà á padà ni kí ẹ fi dá iye tí ẹ máa tà á, kì í ṣe iye tí ẹ rà á tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ pe alágbàtà yín, ẹ bèèrè iye tó ń tà á. Bó bá ní 16,000, tí ọkọ̀ sì gba 6,000 lórí páálí 20, owó ọkọ̀ páálí kan jẹ́ 300. Ẹ ti dé 16,300 kí a tó sọ̀rọ̀ èrè. Ẹni tó bá ń tà á ní 16,200 ní ìsọ̀ kejì, ẹ má bá a sáré. Ọjà àtijọ́ ló ń tà, bó bá tán, yóò wá bá yín níbẹ̀.

Oníbàárà á ráhùn, kò sí àní-àní. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ là á mọ́lẹ̀ fún un, kí ẹ sì wá ìwọ̀n kékeré tí agbára rẹ̀ ká: ẹni tí kò lè ra kóńgò mọ́ lè ra dẹ́ríkà kan, ẹni tí kò lè ra ìgò òróró lè ra ààbọ̀. Kí ìwọ̀n kéré ní gbangba kò burú. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni kóńgò tí wọ́n lù nísàlẹ̀ títí ó fi wọ inú. Oníbàárà tó bá ti fọwọ́ kan ìdí kóńgò yẹn lẹ́ẹ̀kan ti lọ nìyẹn, yóò sì mú àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ẹ dá owó oúnjẹ ara yín sọ́tọ̀ pẹ̀lú, bí ẹni pé ọmọ iṣẹ́ ni yín. Ká ní ẹ ti fi ẹnu kò pé 3,000 lójúmọ́ ni. 3,000 náà ni, bí ọjà tà bí kò tà. Bí ọmọ bá fẹ́ mu mílíìkì láti orí àtẹ, kí owó rẹ̀ jáde nínú 3,000 yẹn. Àkáǹtì ìsọ̀ àti ti ilé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kódà bó jẹ́ pé orí fóònù kan náà ni méjèèjì wà.

Fún ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, télọ̀, káfíńtà, wẹ́dà, ẹ má dá iye iṣẹ́ kan kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ọjọ́ mẹ́ta ni iye náà fi dúró, kí ẹ sì gba owó pákó, irin tàbí láíníǹgì síwájú. Owó ọwọ́ yín nìkan ni ó lè dúró di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àwìn ní ààlà

Ọjà kò lè ṣàì tàwìn rárá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ má tàwìn láéláé, kò tajà ládùúgbò rí. Òsómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ nígbà kan, àwìn ni wọ́n fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé oníbàárà, wọ́n mọ ọjọ́ tó ń gbowó kòkó, wọ́n sì múra tán láti lóṣòó síbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àkókò àtilóṣòó, ẹ fi òfin díẹ̀ dí i.

Ẹ pinnu iye ọjà tó lè wà níta lápapọ̀, ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó òwò yín. Bó bá ti kún, kò sí àwìn fún ẹnikẹ́ni títí ẹnì kan yóò fi san. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹni tó gbà á, kí ẹ jẹ́ kí ó rí ohun tí ẹ kọ. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí owó rẹ̀ ń wọlé: olùkọ́ ní ìparí oṣù, ọlọ́kadà ní alaalẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lásìkò ọ̀wọ́n-gógó ni pé kí ẹ kọ ọjà tó gbé, kì í ṣe owó nìkan. Ẹni tó gbé kóńgò gàrí mẹ́ta lọ tó sì pẹ́ oṣù méjì, ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé iye gàrí lọ́jọ́ tó bá san ni yóò san. Àwọn kan á bínú. Àwọn tó bínú yẹn ni ó yẹ kí ẹ yẹra fún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọn iná, ẹ wọn epo

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, rí i tí owó yúnìtì kan kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà, tó di 225. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ mọ ohun tó ń jẹ yúnìtì. Áyọ́ọ̀nù tàbí àdògán oníná tí wọ́n kọ 1,000 watts sí lára yóò jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan gbáko. Gílóòbù LED oníwátì mẹ́wàá yóò tàn fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ iye kan náà. Nítorí náà, pípa gílóòbù kiri ilé kò tó nǹkan. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ lọ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi wíwẹ̀ tí ẹ kò fi iná sè, ibẹ̀ ni owó wà.

Fún jẹnẹrétọ̀, ẹ da lítà kan péré sí i, kí ẹ wo aago. Bí lítà 1,000 náírà bá gbé e fún wákàtí méjì, 500 ni wákàtí kan ń ná yín. Onígbàjámọ̀ tó ń gé orí mẹ́ta láàárín wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ Sátidé lè tan tirẹ̀ láìbẹ̀rù. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga, kí ló ń tàn án fún? Kílípà tó ń gba chájì àti fáànù oníbátìrì ti gba ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ epo.

Ẹ̀yin tó ń ta ẹja yìnyín, fíríìsà tó ṣófo ní ààbọ̀ máa ń tètè yọ́. Ẹ fi ìgò omi dí àlàfo rẹ̀ kó di yìnyín, yóò mú òtútù pẹ́ bí iná bá lọ. Bí ẹni méjì bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí fíríìsà kálukú kò kún, kí wọ́n pa ọ̀kan. Ẹ fi tépù kọ orúkọ sára ọ̀rá ẹja yín kí ìjà má baà wáyé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oúnjẹ ní àsìkò rẹ̀

Epo pupa máa ń pọ̀ láti oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún, ìgbà yẹn ni kẹ́ẹ̀gì ń rẹlẹ̀. Ẹ̀wà tuntun ń ti Òkè Ọya wọlé láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá. Tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pọ̀ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, lẹ́yìn náà ni yóò wọ́n títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀. Bí kòkòrò Tuta absoluta bá tún wọ oko, bó ṣe ṣe ní ọdún 2016 àti 2024, apẹ̀rẹ̀ kan á di ohun tí a ń fi ojú wò. Ẹ sá tòmátì àti ṣọ̀ǹbọ̀ nígbà tó bá pọ̀. Ẹni tó ní owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, orí ẹ̀wà àti epo pupa ni kó kó o lé.

Àwọn tí kò ní in, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ wa, kí wọ́n para pọ̀. Ilé mẹ́rin lè dáwó ra àpò ìrẹsì kan, kí ẹnì kan lọ sí Bódìjà tàbí Mile 12, kí owó ọkọ̀ jẹ́ ẹyọ kan dípò mẹ́rin. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú kóńgò kan náà. Ẹni tó lọ sọ́jà ni kó kó ìpín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Òfin kékeré yìí ti tọ́jú ọ̀rẹ́ púpọ̀.

Bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀wà, inú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ dà á sí, kí ó kún dé ọrùn, kí ẹ dé e pa. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á kú nígbà tí kò bá rí atẹ́gùn mí. Ẹ má fi Sniper kan ẹ̀wà láéláé, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á fi dá yín lójú tó. Oró ni, NAFDAC ti kìlọ̀ títí, wọ́n sì ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ láti ọdún 2019.

Ohun tí ilé kì í gé ni oúnjẹ amáralókun ọmọdé. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja ṣàwá, ẹ̀pà, sóyà tí a lọ̀ mọ́ ògì: àwọn wọ̀nyí ló ń mú ọmọ dàgbà. Pọ̀nmọ́ dùn, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹyin nínú abọ́ ọmọ ọdún méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún èsúsú yín ṣe

Èsúsú ọdún kan, èèyàn 12, 20,000 lóṣù. Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò kó 240,000. Ó jọ pé ó dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ọjà bá fi ìdá 34.8 gbówó lórí láàárín ọdún náà, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi 240,000 rà, ẹni ìkẹyìn yóò nílò nǹkan bíi 323,000 láti rà á. Àwọn tó kó ṣáájú ti jẹ nínú owó àwọn tó kó gbẹ̀yìn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè dín ọdún kù: ẹni mẹ́fà, oṣù mẹ́fà. Ẹ lè jẹ́ kí ẹni tó kó gbẹ̀yìn ní ọdún yìí kó ṣáájú ní ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù: kí ẹ máa dá ọjà dípò owó, àpò ìrẹsì kan tàbí àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún fún ẹni tó kàn. Iye tí kálukú ń dá yóò máa yí padà lóṣooṣù, àmọ́ ohun tí gbogbo yín kó yóò jẹ́ ọ̀kan náà.

Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù, ìyẹn owó iṣẹ́ rẹ̀, kò burú. Ewu rẹ̀ ni pé bó bá sálọ, kò sí ẹni tí yóò san án. Láti ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ NDIC ń dáàbò bo owó tó tó mílíọ̀nù márùn-ún, bí báńkì bá wó, fún ẹnì kan ní báńkì ńlá, mílíọ̀nù méjì ní báńkì kékeré tí à ń pè ní microfinance. Nítorí náà, kí àjọ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù kan, kí èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí báńkì.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbèsè

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, gbogbo ayé sì pariwo. Ẹ wá wo áàpù orí fóònù tó yá yín ní 20,000 tó sì ní kí ẹ dá 26,000 padà lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ìdá 30 nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Sọ́gúndógójì ayé àtijọ́ ṣàánú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pẹ́ ọjọ́ kan, àwọn mìíràn nínú wọn á máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín. FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ní àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù lónìí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì ni ibi tó dáa jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti yá owó. Púpọ̀ nínú wọn á yá yín ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ kò sì ní gba ẹ̀mí. Ohun tó ń mú owó wá nìkan ni kí ẹ yá owó fún. Bí gbèsè bá ti pọ̀, ẹ kọ́kọ́ san èyí tí èlé rẹ̀ ń sáré jù, lẹ́yìn náà èyí tó lè gba irinṣẹ́ yín. Ẹni tó ń gbé ọjà fún yín, ẹ má sá fún un. Ẹ lọ bá a kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ mú díẹ̀ dání, kí ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, èyí ni mo rí, ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ méjì.”

Ìgbà tí nǹkan le ni àwọn onígbàjuẹ̀ ń rí èèyàn mú. MMM tì pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó ìsọ̀ àti owó ilé ìwé sì bá a lọ. Ẹni tó bá ní òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ bèèrè ohun tó ń tà. Bí kò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, owó yín ni ọjà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìlera, ilé ìwé, ìnáwó

Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró láti fi owó pamọ́. Owó ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ lè ju owó oògùn lọ fíìfíì. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, iye Ventolin àti Augmentin di nǹkan mìíràn. Ẹ bi apòògùn bóyá oògùn kan náà wà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ sì wo ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín, bí Ìlera Èkó. Ẹ san án kí ara tó dá yín dùbúlẹ̀.

Ọmọ tó bá wà ní yunifásítì tàbí polí ìjọba lè yá owó lọ́dọ̀ NELFUND, ètò ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024. Kò ní èlé, ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní 20,000 lóṣù. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn òbí kan ṣì ń ta ilẹ̀ láìtíì wo ibẹ̀.

Ní ti ìnáwó, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ lọ síbi ayẹyẹ, ẹ má ra aṣọ ẹbí. Bí ẹ bá sì ní èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ rántí pé ọ̀wọ́n-gógó kan àwọn náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìdá 11.1 ni ọjà fi gbówó lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dípò owó ọbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ owó òwò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ìwé ìsọ̀ yín hàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ó bá di pé kí a pa ìsọ̀ tì

Bí kíka ọjà ọjọ́ Àìkú bá ń dín kù fún oṣù mẹ́ta léra, tí ẹ sì ti ṣe gbogbo èyí tó wà lókè, owó ìsọ̀ ni ẹ ń bọ́ báyìí. Ẹ jáde nígbà tí owó díẹ̀ ṣì kù. Ẹ ta ọjà tí kò yá, ẹ ta fíríìsà kí ó tó bàjẹ́, kí ẹ kó ọjà méjì tàbí mẹ́ta tó ń yá jù lọ sí iwájú ilé, tàbí kí ẹ bá ẹlòmíràn pín ìsọ̀. Télọ̀ méjì lábẹ́ òrùlé kan kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ sọ fún onílé kí owó ìsọ̀ tó tán. L'Ékòó, òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 kò gbà fún onílé láti bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ tó ń san lọ́dọọdún, tàbí ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san lóṣooṣù. Òfin náà kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹ bèèrè bóyá ó lè gbà á lóṣù mẹ́tamẹ́ta. Onílé tí ìsọ̀ rẹ̀ méjì ti wà ní títì pa lójú pópó kan náà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.